Omi Àmù Yèyé àti Òkè Agbómiró

Ní ìgbẹ̀yìn ayé Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, kò sẹ́ni tó lè na nǹkan sí i kó fọwọ́ gbà á. Bí o bá gbé oúnjẹ wá, yóò ní kí o gbé e sórí àpótí kó tó mú un. Bí o bá bu omi fún un, yóò fi àgbọ̀n júwe ilẹ̀. Àwọn àlejò a máa rò pé ìgbéraga ni. Olùṣọ́ ìjọ tuntun kan na ọwọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde. Yèyé wo ọwọ́ náà, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí a délé, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ọwọ́ tèmi ti kúrò lóhun tí èèyàn ń dì mú."

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ló kú, nínú yàrá tó bí bàbá mi sí. Àwọn tó wá kí wa ní ó dàgbà, kí a máa dúpẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ tuntun tí wọ́n ní ìjọba fẹ́ fún àwa Èkìtì, bóyá Àkúrẹ́ ni a ó ṣì máa lọ fún gbogbo nǹkan tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ń ṣe àmín sí àdúrà wọn, mo sì ń bu omi fún wọn. Ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Kí Yèyé tó kú, ó ní kí n bu omi inú àmù òun, kí n gbé e gun Òkè Agbómiró, kí n dà á sínú adágún tó wà lórí òkè náà. N kò tíì padà síbẹ̀ láti ọdún ọ̀dá, ọdún tí adágún yẹn gbé ẹ̀gbọ́n mi Dayọ̀ mì, tó sì kù díẹ̀ kí ó gbé èmi náà. Gbogbo ohun tí mo bá rántí nípa Yèyé, ọ̀dọ̀ omi yẹn ló máa ń lọ parí sí. Mo rí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ fúnra mi. Èyí tí kò bá dá mi lójú, màá sọ pé kò dá mi lójú.

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò sí ohun tí Yèyé kì í bá jà. Ó ń bá ewúrẹ́ jà, ó ń bá èéfín jà, ó ń bá rédíò jà. Rédíò yẹn, Dayọ̀ ló rà á fún un láti Èkó, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páànù. Nígbà tí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ní ìjọba yóò gbé ẹ̀rọ omi dé gbogbo ìgbèríko, Yèyé á ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Irọ́! Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún ìjẹta, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lésìí!"

Dayọ̀ á máa rẹ́rìn-ín. "Yèyé, ọkùnrin yẹn kò gbọ́ yín o."

"Bí kò bá gbọ́ mi, kí ló wá ń pariwo sí mi nínú ulé mi fún?"

Ulé ló ń pe ilé, uṣu ló ń pe iṣu, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa. Àwa tí a kàwé níwọ̀nba ti ń fi èdè ilé ẹ̀kọ́ pa á rẹ́ lẹ́nu wa. Ọkọ mi ló ń pe Dayọ̀, bí àwọn ìyá àgbà ṣe máa ń pe ọmọkùnrin tí ọmọ wọn bí. Dayọ̀ sanra, ó ga, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Bí ó bá ti Èkó dé, Yèyé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọkọ mi, ikùn rẹ ló kọ́kọ́ wọlé yìí. Ìwọ gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn?"

"Yèyé, uṣu yín ni mo gbé sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á padà, ẹ wí."

Wọn á di ara wọn mú, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn ọwọ́ Yèyé ṣì jẹ́ ohun tí èèyàn ń dì mú.

Ní ti omi, ahun ni. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ìdí ata ló ń lọ. Omi tí a fi bọ́jú, ó ní igbá tirẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo da omi ìsàlẹ̀ ife sí ojúde láìronú. Ó pè mí padà. Kò lù mí. Ó kàn bi mí, "Omi tí o dà nù yẹn, ta lo fún?"

Títí di òní, bí mo bá fẹ́ da omi nù, mo máa ń wá ẹni tí màá fún.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni Agbómiró. Òkè náà wà nínú igbó láàárín Ìsẹ̀ àti Emùré, ọkọ̀ kì í dé ìtòsí rẹ̀. Láti abúlé wa, oko kòkó la ó kọ́kọ́ là kọjá, lẹ́yìn náà igbó tí oòrùn kì í wọ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà àpáta gbalaja tí ẹsẹ̀ kì í rí ibi dúró sí bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ní Olósùnta tiwọn, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n ń ṣọdún rẹ̀. Tiwa kò ní ọdún, àlejò kì í sì í wá síbẹ̀. O ó gun àpáta yẹn títí o ó fi rò pé ojú ọ̀run nìkan ló kù, àfi kí o dédé rí omi. Omi dúdú ni, ó dákẹ́, àpáta yí i ká bí etí àwo. Ọ̀pọ̀lọ́ ló máa ń kí ọ, wọn á sì pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀kan náà bí o bá súnmọ́ wọn.

Yèyé ló sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, lọ́sàn-án tí a ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó ní nígbà ogun, àwọn baba wa sá gun òkè náà. Ẹni tó ní omi gbé omi, ẹni tí kò ní gbé ọmọ. Nígbà tí wọ́n dé orí àpáta, kálukú jókòó ti ìkòkò tirẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ bu fún ẹnì kejì. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, àwọn tó ń sunkún tẹ́lẹ̀. Obìnrin kan, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, dìde, ó gbé ìkòkò rẹ̀ sórí òkúta tó wà nínú kòtò kan lára àpáta, ó fi gìgísẹ̀ fọ́ ọ. Omi rẹ̀ dà sínú kòtò, kò sí bí ó ṣe lè kó o padà mọ́. Ojú ti àwọn tó kù. Wọ́n tú tiwọn sí i. Wọ́n jọ mu ún, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, omi náà kò dín, ńṣe ló ń ga.

"Obìnrin yẹn ńkọ́, Yèyé?" Dayọ̀ ló bi í.

"Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ wá omi sí i. Inú àwọn èèyàn dùn débi pé wọn kò wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó pè é. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ tí ì bá fi pè é."

Láti ìgbà náà ni ìdílé wa ti ń gbé omi lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a tó gbin iṣu. Omi inú àmù ilé là ń bù. Gbogbo wa kì í sì í jọ gun òkè náà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ní ẹsẹ̀ òkè, kó máa pe orúkọ àwọn tó gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá pè á dáhùn pé, "Mo ń gbọ́ o!" Ẹnì kan kì í dáhùn fún ẹlòmíì. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí gbogbo àwọn tó pè yóò fi dáhùn. Yèyé kì í fi èyí ṣeré. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa ní gbogbo ìgbà, bí a bá ti dé ìdí òkè: "Wọ́n gbàgbé ẹnì kan níbí rí."

Katikíìsì ìjọ wa wá bá a jà nítorí rẹ̀ nígbà kan. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ní, "Yèyé, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ara Olúwa. Ìbọ̀rìṣà ni ohun tí ẹ ń ṣe lókè yẹn."

"Ta ni mo bọ? Ṣé ẹ rí obì lọ́wọ́ mi? Ṣé ẹ rí adìyẹ?"

"Omi tí ẹ ń gbé lọ ńkọ́?"

"Omi tí a bù níbẹ̀ la ń dá padà. Nígbà tí ìyàwó yín yá igbá mi lánàá, ṣé kò dá a padà ni?"

"Ó dá a padà, Yèyé."

"Ṣé ó bọ̀rìṣà ni?"

Katikíìsì ní òun máa tún padà wá. Kò padà wá.

Àárín adágún náà ni òkúta tí a ń pè ní Orí Ìkòkò wà, níbi tí wọ́n ní obìnrin yẹn ti fọ́ ìkòkò rẹ̀. Orí òkúta yẹn la gbọ́dọ̀ da omi sí. Àpáta tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ omi, ó gùn láti etí adágún dé ìdí òkúta náà, bí ìloro ilé. Bí o bá wà lórí rẹ̀, omi kò ju orúnkún lọ. Bí o bá kúrò lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ ni, ewé tó ti ń jẹrà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dáyé, kò sì ní ìsàlẹ̀ tí a mọ̀. Ìwọ̀nba àwa ìdílé la mọ bí a ṣe ń rìn ín. Yèyé ló kọ́ èmi àti Dayọ̀, ó dì wá lọ́wọ́ mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, a bọ́ bàtà, a wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi títí a fi mọ bí àpáta náà ṣe le. Ó ní, "Ẹ má fojú wá a. Ẹ fẹsẹ̀ wá a."

Ọdún ọ̀dá yẹn, kò sí ẹni tó gbé ayé níhìn-ín tí yóò gbàgbé rẹ̀. Òjò kò wá nígbà tó yẹ. Iná jó oko kòkó, èéfín wà lójú ọ̀run lójoojúmọ́, kànga gbẹ. Ìjọba rán àwọn èèyàn wá láti Àkúrẹ́ láti wo Agbómiró, bóyá wọ́n lè fa páìpù wá sí ìlú láti ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ṣáájú wọn, ó kọ́ nípa àpáta ní yunifásítì, ó sì níwà. Yèyé mú wọn gòkè, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Adágún ti fà sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ tó yí i ká ti gbẹ, ó sì ti sán bí ara búrẹ́dì. Yèyé sọ ìtàn ìkòkò fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó gbọ́ ọ dópin, lẹ́yìn náà ó sọ tirẹ̀.

"Ìyá, àpáta yìí gbóná rí, nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, bí irin tó wà nínú iná alágbẹ̀dẹ. Ó tutù, ilẹ̀ tó bò ó ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Ibi tó rọ̀ lára rẹ̀, òjò ń jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́, títí ó fi jìn bí èyí. Òjò ló ń kún un. Omi tún ń sun wọ̀ ọ́ láti ibi tí àpáta ti sán."

Yèyé mi orí. "Ó dáa. Ta ló wá sọ fún òjò pé ibẹ̀ ni kó jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹnikẹ́ni kọ́."

"Ṣé o rí i? Ìwọ náà kò mọ orúkọ rẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀pá gígùn kan, ó tì í bọ inú ẹrẹ̀ gbígbẹ yẹn. Ọ̀pá náà wọlé tán. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ibí yìí o." Yèyé tún ìró rẹ̀ ró, ó yíjú sí ọ̀nà ilé. Ó ní, "Ẹsẹ̀ àwa mọ ibẹ̀."

Wọn kò padà wá fa páìpù kankan. Rédíò náà kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ sí i ni àkókò tí a máa ń gbé omi lọ pé. Ìlú ń retí wa. Àwọn tó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń bẹ Yèyé pé kó yára lọ, bóyá òjò á rọ̀. Dayọ̀ ti dé láti Èkó. Màmá, ìyá wa, ló dúró ní ẹsẹ̀ òkè. Bàbá wa ti kú tipẹ́, àwa méjèèjì nìkan ni Màmá bí. Èmi, Dayọ̀ àti Yèyé la gòkè.

Nígbà tí a dé orí àpáta, a kò rí omi, àfi bíńtín lẹ́yìn Orí Ìkòkò. Òkúta náà dá dúró láàárín ẹrẹ̀ gbígbẹ, ihòòhò, bí ohun tí kò yẹ kí a rí. Dayọ̀ ń làágùn. Ó ní, "Yèyé, ẹ jẹ́ ká dà á sí etí ibí yìí. Omi náà kò ní bínú."

Yèyé ní, "Ibi tí wọ́n ti ń dà á ni a ó dà á sí."

Orúnkún ń dùn ún lọ́jọ́ yẹn, nítorí náà Dayọ̀ gba kèrègbè omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣáájú, mo tẹ̀ lé e. A kò bọ́ bàtà. Kí la fẹ́ bọ́ ọ fún? Kò sí omi. Mo ti ro èyí títí orí mi fi fẹ́ dàrú. Inú omi ni a ti mọ ọ̀nà yẹn. Omi ló máa ń fi àpáta han ẹsẹ̀ wa. Nígbà tí omi lọ, gbogbo ibẹ̀ rí bákan náà, ó gbẹ, ó le lójú, a sì ń rìn lọ pẹ̀lú ìgboyà ẹni tó mọ ọ̀nà, nígbà tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ì bá ti bẹ̀rù.

Ohùn Màmá wá láti ìsàlẹ̀: "Dayọ̀ o!"

"Mo ń gbọ́ o!" ni Dayọ̀ dáhùn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì pa ẹnu dé tí ilẹ̀ fi là. Ó wọlé dé àyà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo nawọ́ sí i, ibi tí mo dúró sí náà là. Ẹrẹ̀ yẹn kò dà bí omi. Ó ń dì mọ́ èèyàn. Ó gbóná lókè, ó tutù nísàlẹ̀. Mo rí Yèyé tó dojú bolẹ̀, tó ń fi àyà wọ́, tó ń fi ọwọ́ tú ẹrẹ̀ gbígbẹ wá àpáta abẹ́ rẹ̀. Ó rí àpáta náà. Ó wọ́ bọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ bo ojú mi. Mo rántí pé ìró rẹ̀ fi ara kan ojú mi, ó kọjá mi lọ síwájú, kó tó padà. N kò lè búra sí i. Ohun tó dá mi lójú ni ọwọ́ tó dì mí ní ọrùn ọwọ́, tó ń fà mí títí èjìká mi fi yẹ̀.

Nígbà tí mo nu ojú mi, ibi tí Dayọ̀ wà ti tẹ́jú. Kèrègbè omi ló wà lórí rẹ̀, ìdérí rẹ̀ kò ṣí.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Màmá ń pè wá. "Fúnmi o!" Mo dáhùn, ohùn mi kò jáde dáadáa, ó tún pè, mo tún dáhùn. "Dayọ̀ o!" Yèyé jókòó sórí àpáta. "Dayọ̀ o!" Ó fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ bo etí. Màmá ń pè, kò bínú, kò sunkún, ó ń pè bí ẹni pé ó rò pé afẹ́fẹ́ ló gbé ohùn gba ibòmíràn. Nígbà tí a yọ sí i, ó wo ẹ̀yìn wa. Ó tún wo ẹ̀yìn wa. Ó ní, "Ẹni méjì ni mo fà lé yín lọ́wọ́, Yèyé. Èkejì dà?"

Àwọn ọkùnrin ìlú lọ pẹ̀lú okùn àti ọ̀pá, wọn kò rí i. Màmá kọ̀ láti kúrò ní ẹsẹ̀ òkè, ńṣe ni wọ́n gbé e. Lẹ́yìn náà òjò dé, òjò tí gbogbo wa ti ń tọrọ, ó kún adágún náà dé etí. Màmá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Emùré. Kò pe orúkọ Yèyé mọ́. Yèyé kò gbé omi lọ sókè mọ́, kò sì fi ọwọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní tèmi, ẹ̀rù ni mo ń bá gbé. Mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀ wò kí n tó gbé ẹsẹ̀ lé e, ìbáà jẹ́ sìmẹ́ńtì. Ọkọ tí mo wá fẹ́ lẹ́yìn náà ní mò ń rìn bí ẹni tó fẹ́ jí adìyẹ. N kì í gba orí koríko kọjá. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé n kò mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi. Gbogbo ayé mọ ẹni tí Yèyé fẹ́ràn jù nínú àwa méjèèjì. Ọdún pọ̀ kí n tó lè bi í. Ó ń fọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Èyí tí ọwọ́ mi tó ni mo fà."

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí n fún òun lómi. Mo gbé e sílẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe. Ó ní, "Fi í lé mi lọ́wọ́." Mo fi í lé e lọ́wọ́. Kò mu ún. Ó fi ọwọ́ kejì wá ọrùn ọwọ́ mi, ó dì í mú.

"Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ dì mú," ni ó wí. "Mo fà á, kò wá. Mo tún fà á. Àwa méjèèjì la ń lọ. Ó ń wò mí. Ó ní, Yèyé, ẹ má fi mí sílẹ̀ o. Mo gbọ́ tí ìwọ ń pọ ẹrẹ̀ lẹ́yìn mi. Kì í ṣe pé ó bọ́ lọ́wọ́ mi, Fúnmi. Mo la ọwọ́ mi ni."

Omi ń dà sórí ẹní láti inú ife, òun tí kì í fi omi ṣòfò. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé omi àmù òun lọ. Mo ní, "Yèyé, n kò lè dé ibi òkúta yẹn." Ó ní kí n má dé ibẹ̀. Ó ní kí n dà á sí etí omi. Mo ní ṣé ibẹ̀ náà dáa. Ó pa ojú dé.

"Ibẹ̀ tó. Ọjọ́ yẹn náà, ibẹ̀ tó."

N kò sọ èyí fún Màmá. Màmá kò mọ̀wé, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá kà á, mo bẹ̀ ọ́, má kà á sí i létí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, n kò ní ẹni tó máa dúró ní ẹsẹ̀ òkè fún mi. Àwọn ìbátan wa wà ní Ìbàdàn àti Èkó, wọ́n sin òkú, wọ́n padà. Ọkọ mi ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ òkè yẹn. Mo lọ sí Emùré. Màmá ń sá ẹ̀gẹ́ sórí páànù.

"Màmá, Yèyé ti sùn."

"Mo gbọ́."

"Ó ní kí n gbé omi òun lọ sókè."

"Kí ó gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mọ ibẹ̀."

Mo dúró. Ó ń tẹ́ ẹ̀gẹ́ náà, ó ń tẹ́ èyí tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ mi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn. Ó ní, "Kì í ṣe nítorí rẹ̀ o." Ó ṣáájú mi títí a fi dé ẹsẹ̀ òkè.

Ọwọ́ àti orúnkún ni mo fi gun àpáta náà, kèrègbè so mọ́ mi lẹ́yìn bí ọmọ. Màmá ń pè mí, mo ń dáhùn. Nígbà tí mo dé orí, omi kún, ó dúdú, ó mọ́, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ pa ẹnu dé. Orí Ìkòkò ti bọ́ sábẹ́ omi. N kò rí àmì kankan pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Mo dojú bolẹ̀ lórí àpáta, mo na ọwọ́, mo tú omi Yèyé sí etí. Ó dún díẹ̀. Mo ti rò pé ara yóò fúyẹ́ fún mi. Ara kò fúyẹ́. Òjìji orí mi nìkan ni mo rí nínú omi, mo sì yára fà sẹ́yìn nítorí mo rò pé ojú ẹlòmíì ni.

Bí mo ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀, mo gbọ́ tí Màmá pe Dayọ̀. Mo rò pé etí mi ni. Ó tún pè é. Ohùn rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n bí ó ṣe pè é lọ́jọ́ yẹn náà ló ṣe ń pè é.

Mo bá a níbi tó jókòó sí lórí gbòǹgbò igi, ó kọjú sí àpáta. Oòrùn ti ń wọ̀. Mo ní, "Màmá, mo ti dé. Mo ti dà á. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Kò wò mí. Ó tún ìborùn ọrùn rẹ̀ so.

"Ìwọ ti dáhùn," ni ó wí. "Dayọ̀ kò tíì dáhùn."